Pọ́ǹpù táyà alágbèéká

Pọ́ǹpù táyà alágbèéká jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí a ń lò láti fa afẹ́fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbikíbi tí ọkọ̀ náà bá wà, láìjẹ́ pé ó dé ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Inú búùtù ọkọ̀ ni a sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Iná bátìrì ọkọ̀, iná bátìrì tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tàbí agbára ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní gééjì tí ó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà hàn.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe: ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì ń fi kún un. Àwọn olùrà sábà máa ń wo èkejì nìkan, wọn a sì máa fi nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí yan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àìtó afẹ́fẹ́ wà lára àwọn ohun tí ó ń mú kí táyà bẹ́ lórí eré, ẹni tí kò bá sì mọ iye tí ó wà nínú táyà rẹ̀ kò lè mọ̀ pé kò tó. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú nínú yíyàn ni bí gééjì náà ṣe péye tó, lẹ́yìn náà ni bí ẹ̀rọ náà ṣe bá ọkọ̀, táyà àti ọ̀nà ẹni tí yóò lò ó mu.

Ìtàn

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Robert William Thomson, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ fún táyà tí a ń fi afẹ́fẹ́ kún, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tàn kálẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko tí ó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà afẹ́fẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1895, àwọn ọmọ ìyá Michelin ní ilẹ̀ Faransé fi irú táyà bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, wọ́n sì wà á nínú ìdíje láti Paris dé Bordeaux àti padà sí Paris. Láàárín àwọn ọdún 1890 náà ni ilé iṣẹ́ August Schrader ní New York ṣe fáàfù tí a ṣì ń lò títí di òní. Nítorí fáàfù kan náà ni ó wà lára táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbogbo, ẹnu pọ́ǹpù kan ṣoṣo lè bá ọkọ̀ láti Japan, Jámánì tàbí Amẹ́ríkà mu.

Pọ́ǹpù ọwọ́ ni àwọn awakọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbé kiri. Nígbà tí bátìrì fólítì 12 wá di ti gbogbo ayé nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti àwọn ọdún 1950, ó ṣeé ṣe láti ṣe pọ́ǹpù tí iná ọkọ̀ lè gbé. Ní àìpẹ́ yìí, bátìrì lithium, irú èyí tí ó wà nínú fóònù, ti mú kí pọ́ǹpù tí a lè gbé lọ́wọ́ kan ṣoṣo, tí kò nílò wáyà kankan, di ohun tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà.

Orúkọ fọkanáísà, ẹni tí ń tún táyà ṣe ní Nàìjíríà, ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ṣàwárí pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, tí a sì fi iná yan án, yóò le, kò sì ní í yọ́ nínú ooru mọ́. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ti Ògún nílẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà. Irú ọ̀nà yìí ni fọkanáísà ń lò nígbà tí ó bá ń fi iná lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ojú ihò táyà.

Ìdí tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ fi ṣe pàtàkì

PSI ni òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ táyà ní Nàìjíríà. Ó dúró fún iye pọ́ùn tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ààyè tí ó jẹ́ íǹṣì kan níbùú, íǹṣì kan lóròó. Àwọn gééjì mìíràn ń lo bar tàbí kPa. Bar 1 jẹ́ PSI 14.5, ó sì jẹ́ kPa 100. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kéékèèké ń fẹ́ láàárín PSI 30 sí 35.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ jù nínú ẹrù ọkọ̀, kì í ṣe rọ́bà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa ká, yóò sì máa nà ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí kan ilẹ̀. Ìkákò yìí ń mú ooru wá, gẹ́gẹ́ bí wáyà tí a bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ṣe máa ń gbóná kí ó tó ṣẹ́. Bí eré bá pọ̀, tí ẹrù wúwo, tí oòrùn sì mú, ooru náà yóò máa ya rọ́bà kúrò lára àwọn wáyà àti òwú tí a hun sínú rẹ̀, títí táyà yóò fi bẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀ jù, àárín ojú táyà nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀, yóò tètè jẹ, bíréèkì kò ní í mú dáadáa, táyà a sì tètè fara gbọgbẹ́ nínú kòtò.

Ẹ̀rí ewu yìí pọ̀ ní gbangba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone ní Amẹ́ríkà pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà. Lára ọkọ̀ Ford Explorer ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, ojú wọn a sì máa ṣí kúrò lórí eré. Ìjọba Amẹ́ríkà so ikú àwọn ènìyàn tí ó ju 200 lọ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì jiyàn lé lórí, nítorí PSI 26 ni Ford ní kí wọ́n máa fi sí i, nígbà tí Firestone fẹ́ 30. Òfin tí ó tẹ̀lé e ni ó mú kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 ní ẹ̀rọ aṣọ́-afẹ́fẹ́, TPMS, tí ń tan iná sí dáṣíbọ́ọ̀dù bí afẹ́fẹ́ táyà kan bá fi ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan dín sí iye tí ó yẹ.

Ní Nàìjíríà, Mínísítà Kékeré fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ka táyà tí ó bẹ́ àti eré àsápajúdé mọ́ ohun tí ó fa ìjàǹbá náà.

Ọ̀rọ̀ táyà tún le sí i ní Nàìjíríà nítorí ibi tí táyà ti ń wá. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà ti ń wọlé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí a ti lò rí. Táyà tí ó ti gbó kò ní ìfaradà tí táyà tuntun ní, nítorí náà àìtó afẹ́fẹ́ tètè máa ń pa á lára. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú pọ́ǹpù oníná, mótò kékeré kan ń yí, ó sì ń ti pisítìnì síwá sẹ́yìn nínú sìlíńdà. Nígbà tí pisítìnì bá fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ìta yóò wọlé. Nígbà tí ó bá tì síwájú, yóò fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, yóò sì tì í gba inú okùn rọ́bà lọ sínú táyà. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná, ìdí nìyí tí orí sìlíńdà àti ẹnu okùn fi máa ń gbóná tó láti jó ọwọ́.

Ẹ̀rọ yìí kò ní táǹkì bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọkanáísà. Ohun tí mótò bá rí fà ní ìṣẹ́jú náà ni ó ń wọ inú táyà. Nítorí náà ni ó fi lọ́ra ju ti fọkanáísà lọ, ìyẹn náà ni ó sì mú kí ó kéré tó láti wọ inú búùtù.

Àwọn oríṣi rẹ̀

Pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀. Èyí kò nílò iná rárá. Ó pọ́n dandan kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí PSI díẹ̀ tó gòkè, ṣùgbọ́n kò sí bátìrì tí yóò kú lára rẹ̀. Ó dára fún àfikún díẹ̀, kò sì rọrùn fún táyà tí ó ti rọ̀ pátápátá.

Pọ́ǹpù tí ń lo ihò láítà sìgá. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù, ó sì sábà máa ń dínwó. Iná fólítì 12 ọkọ̀ ni ó ń lò. Fíúsì tí ó ń ṣọ́ ihò yìí sábà máa ń jẹ́ ámpíà 10 sí 15, èyí tí ó túmọ̀ sí pé agbára tí ẹ̀rọ náà lè fà kò lè ju bíi wáàtì 120 sí 180 lọ. Ẹ̀rọ tí páálí rẹ̀ bá ń pariwo agbára tí ó ju èyí lọ fíìfíì, tí ó sì ní ihò láítà ni a ó ti lò ó, yóò jó fíúsì náà, tàbí kí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́.

Pọ́ǹpù tí a ń so mọ́ orí bátìrì. Ìmú méjì, pupa àti dúdú, ni a fi ń so ó mọ́ bátìrì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó lè fa iná tí ó pọ̀ ju ti ihò láítà lọ, ó sì yá. Ó yẹ fún ọkọ̀ jíìpù, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì akérò àti ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ tóbi.

Pọ́ǹpù onígbátìrì. Bátìrì inú rẹ̀ ni ó ń lò, a sì ń fi iná ilé tàbí wáyà fóònù gbà á sílẹ̀. Ó rọrùn jù láti lò, nítorí kò sí wáyà tí a ń fà kiri. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí a kò bá fi iná sí i, kò ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀. Ooru inú búùtù tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́ sì ń dín ọjọ́ ayé bátìrì lithium kù.

Yíyàn

Ohun tí táyà ń fẹ́

Kí ènìyàn tó wo pọ́ǹpù, ó yẹ kí ó wo ọkọ̀. Ìwé pélébé kan máa ń wà lára férémù ìlẹ̀kùn awakọ̀ tí ó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà fẹ́ fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lára ọkọ̀ mìíràn, inú ìdérí táńkì epo ni ó wà. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà kejì tí ó ga jù yóò wà níbẹ̀ fún ìgbà tí ọkọ̀ bá kún fún èrò tàbí ẹrù. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà yàtọ̀ sí èyí: ìyẹn ni òpin tí táyà lè gbà, kì í ṣe iye tí ó yẹ kí a fi sí i. Síṣi ọ̀kan mú fún èkejì jẹ́ àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀.

Sípéà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń fẹ́ PSI 60, iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti táyà yòókù. Pọ́ǹpù tí ó bá lè dé PSI 60 láìjà kún ojú òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbogbo. Nítorí náà, PSI 150 tàbí 200 tí wọ́n ń kọ sára páálí kò fi ẹ̀rọ kan sàn ju èkejì lọ. Kò sí táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń fẹ́ ìdajì irú iye bẹ́ẹ̀.

Ìyára

Nọ́ńbà tí ó wúlò ju PSI gíga lọ ni iye lítà afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fà ní ìṣẹ́jú kan. Àpẹẹrẹ kan lè mú un yéni. Inú táyà 195/65R15, tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kéékèèké, gba nǹkan bí 30 lítà. Láti gbé e láti PSI 24 dé 32, ìyẹn bar 0.55, afẹ́fẹ́ ìta tí a ó fún wọ inú rẹ̀ jẹ́ bí 16.5 lítà. Láti gbé e láti òfo dé PSI 32, ìyẹn bar 2.2, yóò gba bí 66 lítà. Ẹ̀rọ tí ń fa 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan ìbá parí ti àkọ́kọ́ ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, kí ó sì parí ti èkejì ní ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n iye lítà tí wọ́n ń kọ jẹ́ ti ìgbà tí kò sí ohun kankan tí ń ti ẹ̀rọ náà padà. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe ń le sí i ni ẹ̀rọ ń lọ́ra sí i, nítorí náà àkókò gidi máa ń ju ti ìṣirò lọ. Ohun tí ó dára jù ni kí olùtajà fi táyà gidi dán ẹ̀rọ náà wò kí owó tó jáde.

Ìsinmi

Àwọn pọ́ǹpù kéékèèké kò lè ṣiṣẹ́ títí lọ. Ìwé ìlò wọn máa ń sọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ kí a tó pa wọ́n kí wọ́n tutù. Bí iye yìí bá kéré sí àkókò tí táyà kan tí ó ti rọ̀ pátápátá ń gbà, ẹ̀rọ náà kò tó fún ọkọ̀ yẹn. Èyí ṣe pàtàkì jù níbi tí ooru bá pọ̀.

Gééjì

Gééjì lè jẹ́ alábẹ́rẹ́ tàbí olójú nọ́ńbà. Olójú nọ́ńbà rọrùn láti kà ní alẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa dá dúró fúnra wọn bí afẹ́fẹ́ bá ti dé iye tí a yàn. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí ń tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó péye. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a fi gééjì ọwọ́ tí ó ṣeé fọkàn tán wọn táyà kan náà nígbà tí ó tutù, kí a sì fi èsì méjèèjì wéra. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ PSI 1, kò burú. Bí ó bá ju PSI 2 tàbí 3 lọ, gééjì ọwọ́ ni kí a máa tẹ̀lé.

Okùn, wáyà àti iná

Okùn rọ́bà àti wáyà iná gbọ́dọ̀ gùn tó láti dé táyà ẹ̀yìn méjèèjì láti iwájú ọkọ̀. Ẹnu okùn tí a ń yí mọ́ fáàfù kì í tètè já, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ díẹ̀ a máa jò nígbà tí a bá ń tú u. Èyí tí a ń tẹ̀ mọ́ ọn tètè ń wọlé, ó sì tètè ń jáde. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ó wà lára ẹ̀rọ wúlò púpọ̀ fún ìrìn àjò alẹ́.

Ní agbègbè Rore àti Òmù-Àrán

Rore jẹ́ ìlú Ìgbómìnà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Òmù-Àrán ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, níbẹ̀ ni Yunifásítì Landmark, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, wà. Èsìẹ́, ibi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti ọdún 1945, kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí ń kó iṣu àti àgbàdo lọ sọ́jà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ń lọ wo ère òkúta Èsìẹ́ àti àwọn ọmọ ìlú tí ń ti Ìlọrin tàbí Èkó wá sílé fún ọdún ni ó ń rìn ní ọ̀nà wọ̀nyí.

Irú agbègbè yìí fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgboro àti ìgbèríko hàn. Ní Ìlọrin, awakọ̀ tí táyà rẹ̀ bá rọ̀ lè rí fọkanáísà láìrìn jìnnà. Láàárín ìlú kékeré kan sí èkejì, pàápàá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ lórí táyà tí ó rọ̀ títí yóò fi dé ìlú kejì yóò ba táyà náà jẹ́ pátápátá, bí kò bá tilẹ̀ fa ìjàǹbá. Níbi báyìí, pọ́ǹpù tí ń lo iná ọkọ̀ ní àǹfààní lórí onígbátìrì, nítorí bí iná ìjọba kò bá sí fún ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò láítà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti kú tipẹ́, tàbí kí fíúsì rẹ̀ ti jó. Ó yẹ kí a dán ihò náà wò kí a tó ra irú pọ́ǹpù tí yóò gbára lé e.

Ojú ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà ń dín bíi PSI 1 fún dígírì Sẹ́síọ̀sì 6 tí ojú ọjọ́ bá fi tutù sí i. Ní àkókò ọyẹ́, òwúrọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà lè wà nísàlẹ̀ dígírì 20, nígbà tí ọ̀sán oṣù Kẹta lè ju 35 lọ. Táyà tí a fi afẹ́fẹ́ PSI 32 sí ní ọ̀sán gbígbóná lè fi bíi PSI 29 hàn ní òwúrọ̀ ọyẹ́, láìsí pé ohunkóhun gún un. Yàtọ̀ sí èyí, táyà tí ó dára pàápàá ń pàdánù PSI 1 sí 3 lóṣù, nítorí afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde gba inú rọ́bà. Èyí ni a fi ń dámọ̀ràn wíwọn táyà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti ṣáájú ìrìn àjò tí ó jìn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àkókò tí pọ́ǹpù wúlò jù ni òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Iye owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnì epo bẹntiróòlù ni ó ń gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ọ̀pọ̀ fọkanáísà. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye epo ju ìlọ́po méjì lọ, owó tí fọkanáísà ń gbà fún afẹ́fẹ́ sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Fún ẹni tí táyà rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀, pọ́ǹpù lè dà bí ọ̀nà láti yẹra fún ìnáwó, ṣùgbọ́n jíjò náà ṣì ń fẹ́ àtúnṣe.

Bí a ṣe ń lò ó

Ìgbà tí táyà tutù ni a ń wọn afẹ́fẹ́, ìyẹn ni pé kí ọkọ̀ ti dúró fún bíi wákàtí mẹ́ta, tàbí kí ó má tíì rìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Ìrìn àjò ń mú táyà gbóná, gééjì yóò sì fi bíi PSI 4 lé iye tòótọ́. Kò yẹ kí a tú afẹ́fẹ́ yìí dànù, nítorí bí táyà bá tutù, yóò wá kéré jù. Bí ó bá di dandan láti fi afẹ́fẹ́ kún táyà gbígbóná lójú ọ̀nà, a lè fi bíi PSI 4 lé iye tí ó wà lára ìwé ẹnu ìlẹ̀kùn, kí a sì tún un wọ̀n nígbà tí ó bá tutù.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a sì gbé àmì onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn ọkọ̀. A ó yọ ọmọrí fáàfù, a ó so ẹnu okùn mọ́ ọn, a ó sì ka gééjì kí a tó tan ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ iná ọkọ̀ ni a ń lò, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí bátìrì má baà kú, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí nínú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín ẹ́ńjìnì ń pani. Ẹni tí ń lò ó kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ ibòmíràn, kò sì yẹ kí ó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ táyà gan-an nígbà tí afẹ́fẹ́ ń wọlé.

Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí

Pọ́ǹpù ń fi afẹ́fẹ́ kún táyà. Kì í dí ihò. Bí ìṣó bá gún táyà tí ó sì ń jò díẹ̀díẹ̀, pọ́ǹpù lè gbé awakọ̀ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà tí ó sún mọ́ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, tàbí tí táyà ti bẹ́, kò sí ohun tí pọ́ǹpù lè ṣe. Sípéà, jáàkì àti sípánà ni ó kù. Nítorí náà, pọ́ǹpù kò lè rọ́pò sípéà nínú ọkọ̀.

Táyà tí a ti wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó rọ̀ pátápátá léwu jù lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ti fọ́ nínú láìhàn níta. Ó yẹ kí fọkanáísà tú u kúrò lára wíìlì, kí ó sì wo inú rẹ̀ kí a tó fi afẹ́fẹ́ sí i padà. Táyà tí ó ti wú níbì kan, tàbí tí wáyà ti yọ jáde lára rẹ̀, kò tún yẹ lójú ọ̀nà mọ́, iye afẹ́fẹ́ yòówù kí a fi sí i. Bákan náà, táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kì í ṣe iṣẹ́ pọ́ǹpù alágbèéká. Agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, wíìlì rẹ̀ mìíràn sì lè fò yọ kí ó pa ènìyàn, ìdí nìyí tí a fi ń lo àgò irin fún un.

Pọ́ǹpù kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà. Òun ni ó ń wá ibi tí táyà ti ń jò, tí ó ń lẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń mọ táyà tí ó ti tó jù nù. Ohun tí pọ́ǹpù àti gééjì ń fún awakọ̀ ni ìmọ̀ iye tí ó wà nínú táyà rẹ̀, kí ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lọ bá fọkanáísà, kí ó sì lè sọ fún un pé PSI 32 ni òun fẹ́, dípò kí ó ní kí ó fi ohun tí ó bá rí sí i.

Ìtọ́jú

A ń nu eruku kúrò lára ẹnu okùn, a sì ń ká okùn náà láìṣẹ́ ẹ. Bátìrì pọ́ǹpù onígbátìrì ń fẹ́ iná lẹ́yìn oṣù díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó, inú ilé ni ó sì sàn kí a tọ́jú rẹ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún èyí tí ń lo ihò láítà, ó dára kí fíúsì kan tí ó bá a mu wà nínú ọkọ̀. Lílo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti fi wọn táyà, títí kan sípéà, ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ ìnira tó dé.